Ìwé Alhájì Tí Gbogbo Ìjọ Gbàdúrà Ta Kò

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kì í dáhùn gbogbo àdúrà wa. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ká ní Ọlọ́run dáhùn àdúrà tí gbogbo wa gbà nínú ilé yìí ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, orí mi ì bá ti dàrú báyìí. Àdúrà ọjọ́ yẹn sì gbóná o! Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ìyá Ìjọ fò sókè títí gèlè wọn fi já bọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó gbọ́n ju àwa ọmọ rẹ̀ lọ, tó gbọ́ ariwo wa tó sì ṣe bí ẹni pé kò gbọ́. Ẹ bá mi yin Olúwa lẹ́ẹ̀kan, kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni Brọ́dà Káyọ̀dé, káfíńtà, ní Makera. Ọmọ Kàbà ni mí. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti wà ní Kàdúná, Háúsá mi ò sì kúrò lójú kan. Mo lè kí èèyàn, mo lè ka owó, mo lè bèèrè pé èélòó ni, mo sì lè sọ pé ó ti wọ́n jù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ibẹ̀, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Kíkà wá ńkọ́? Nǹkan méjì péré ni mo lè kà ní Háúsá. Ọ̀kan ni BAYARABE, ìyẹn Yorùbá, nítorí pé òun ni wọ́n ń pè mí ní ọjà pákó, kò sẹ́ni tó mọ Káyọ̀dé níbẹ̀. Èkejì ni BA BASHI, nítorí pé ó wà lára ògiri gbogbo ṣọ́ọ̀bù láti Makera títí dé Hayin Banki. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí àwìn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tèmi jẹ́.

Nínú ilé, èmi àti ọmọ mi kan ṣoṣo la wà níbẹ̀ ní àkókò yẹn. Ìyá rẹ̀ ti lọ sí Kàbà láti tọ́jú ìyá wọn tó ṣubú, tí egungun ìdí wọn ṣẹ́. Ìbùkún lorúkọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, òun ló jókòó láàárín àwọn akọrin lọ́hùn-ún, tó ń fi ìwé orin bojú yẹn. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tá a dé ìlú yìí. Gbogbo Yorùbá tí ẹ bá sọ ló gbọ́, ṣùgbọ́n Háúsá ni yóò fi dá yín lóhùn. Màá ní, "Ìbùkún, ṣé o ti jẹun?" Yóò ní, "Na ci, Baba." Inú mi kì í dùn sí i rárá. Mo bá ṣe òfin: ẹnikẹ́ni tó bá sọ Háúsá nínú ilé mi kò ní jẹ ẹran lọ́jọ́ náà. Èmi tí n kò gbọ́ Háúsá, ẹran mi ò lè lọ láéláé. Ẹ rí i pé òfin náà dára.

Iṣẹ́ ńlá kan wá dé. Ilé-ìwé kan ní Kudenda fẹ́ ọgọ́ta bẹ́ǹṣì àti ọgọ́ta tábìlì. Mọ́mì tó ni ilé-ìwé náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan tí mo ṣe, wọ́n mi ara wọn sọ́tùn-ún, wọ́n mì í sósì. Wọ́n sanra díẹ̀, mò ń gbàdúrà lábẹ́nú. Bẹ́ǹṣì náà dúró, wọ́n sì ní iṣẹ́ ti di tèmi. Àmọ́ wọn ò ní san kọ́bọ̀ àfi tí mo bá parí rẹ̀, nítorí pé káfíńtà tí wọ́n lò kẹ́yìn gba àsansílẹ̀, ó sì fi gbé ìyàwó. Kí n lọ wá owó pákó fúnra mi.

Mo dé bánkì mẹ́ta. Ní ti àkọ́kọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ táì bi mí pé kí ni mo ní tí àwọn lè gbẹ́sẹ̀ lé. Mo ní mo ní mọṣíìnì tí a fi ń fá pákó. Ó ní ọdún wo ni wọ́n ṣe é? Mo ní, "Ó jù yín lọ lọ́jọ́ orí, sà." Ó rọra pa fáìlì dé. Bánkì kejì ní kí n mú ìwé ilẹ̀ wá. Ilẹ̀ wo? Mò ń san owó ṣọ́ọ̀bù lóṣooṣù ni. Bánkì kẹta ní kí n mú onígbọ̀wọ́ wá, ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀gá àgbà kan ṣoṣo tí mo mọ̀, ó ń jẹ mí lówó wọ́dúróòbù láti ọdún méjì sẹ́yìn, bó bá rí mi lókèèrè, ọ̀nà mìíràn ló máa ń gbà.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà míì. Nínú àjọ tí à ń dá ní àdúgbò, èmi ni màá kó kẹ́yìn. Mo bẹ ìyá tó kàn pé ká pààrọ̀. Ó ní òrùlé òun ń jò, kí n wá wò ó. Mo lọ wò ó, ó ń jò lóòótọ́. Èmi náà ni mo gun àjà, mo bá a tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti ìjọ wa ní kí n kọ́kọ́ dá owó fún oṣù mẹ́fà. Oṣù méjì péré ni mo ti dá. Akápò, ẹ má bojú wolẹ̀, ohun tó tọ́ lẹ ṣe.

Ẹnì kan wá ní kí n lọ yá owó lórí fóònù, pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Mo rántí arákùnrin kan tó yá a, tó fi ọjọ́ méjì pẹ́ kó tó san án. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù rẹ̀ pé olè ni. Àna rẹ̀ rí i gbà, ẹni tó ń gbé omi wá fún un náà rí i gbà. Mo ní rárá o, mo ṣì fẹ́ máa jókòó níwájú nínú ìjọ.

Ẹni tó kù ni Alhájì tí mo máa ń ra pákó lọ́dọ̀ wọn. Alhaji Mai Katako là ń pè wọ́n, Alhájì onípákó. Owó ọwọ́ ni mo ti ń fi rajà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, n kò bèèrè àwìn rí. Mo lọ ní ọjọ́ Túsìdeè kan. Alhájì ti ń wọ mọ́tò lọ sí Katsina fún ìgbéyàwó ọmọ wọn, ẹsẹ̀ wọn kan ti wà nínú mọ́tò. Mo ṣàlàyé. Mo sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, mo sọ Háúsá díẹ̀, mo fi ọwọ́ ṣe bẹ́ǹṣì, mo fi ọwọ́ ṣe tábìlì. Wọ́n ya ewé kan nínú ìwé rìsíìtì, wọ́n kọ nǹkan sí i, wọ́n ká a, wọ́n nà án sí mi. "Ka kai wa Sani." Kí n mú un lọ fún Sani nìyẹn. Sani ni àbúrò wọn tó ń mójú tó ọjà náà. Mọ́tò sì lọ.

Mo wọlé, wọ́n ní Sani ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, kí n dúró dè é. Mo dúró. Ká ní mo dúró lásán ni! Ẹ dárí jì mí, ará, mo ṣí ìwé oníwèé. Ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀:

SANI, A BA SHI BASHI.

Ojú mi fò kọjá Sani, ó fò kọjá A, ó bà lé BA... BASHI. Ohun tí mo ti ń kà lára ògiri láti ọdún mẹ́jọ! Alhájì tiẹ̀ kọ SHI ní ẹ̀ẹ̀mejì, mo ní wọ́n fi èkejì tẹnu mọ́ ọn ni. Ará, ojú tí bánkì mẹ́ta ti kọ̀ fún, gbogbo ìwé tó bá rí, ìkọ̀ ló máa kà níbẹ̀. Mo ní, Alhájì, bí ẹ ò bá fẹ́ fún mi, ṣé èmi náà ló yẹ kí n gbé ìwé ikú ara mi lọ fún ẹni tí yóò pa mí ni? Mi ò dúró de Sani mọ́. Mo ki ìwé náà bọ àpò, mo sì gba ilé lọ.

Nílé, mo tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, mo kúnlẹ̀ tì í, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe Ọlọ́run. Ìbùkún ń gbé oúnjẹ bọ̀ láti kíṣìnì. Ó yọjú wo ìwé náà. Ojú ọmọ náà yípadà, ó ní, "Baba, ai wannan..."

Mo ní, "Yorùbá!"

Ó ronú. Mo ń rí i bó ṣe ń wá ọ̀rọ̀ kiri nínú orí rẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá, wọ́n... wọ́n fún ẹ."

Haa! Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Ta lò ń pè ní 'ẹ'? Ẹgbẹ́ rẹ ni mí? 'Yín' là ń pe bàbá ẹni nílẹ̀ Yorùbá!" Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bí àwa ṣe máa ń dọ̀bálẹ̀ kí bàbá wa láàárọ̀, mo dé orí ọjọ́ tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ tí wọ́n nà mí, mo wàásù títí ìrẹsì fi tutù. Mo sì mú ẹran orí oúnjẹ rẹ̀ nítorí "ai wannan" yẹn. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú, sà." Láti ọjọ́ náà lọ, kò sọ nǹkan kan mọ́ nípa ìwé náà. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa ṣọ́ ọmọ tó bá ń gbọ́ràn jù o!

Mo pe ìyàwó mi ní Kàbà, mo ní Alhájì kọ̀wé pé àwọn ò fún mi ní àwìn. Ìyàwó mi ní kí n gbé ìwé náà lọ bá Pásítọ̀. Nítorí ìtìjú, mo fi í sínú àpò ìwé, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa. Pásítọ̀ ò tiẹ̀ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ìgbàgbọ́ wọn pọ̀. Mo ní ìwé kan ni wọ́n kọ láti fi dá iṣẹ́ mi dúró. Wọ́n da òróró lé e. Wọ́n tún da òróró lé e. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n gbé e sókè níbí, ibi tí mo dúró sí yìí, wọ́n ní kí gbogbo ìjọ na ọwọ́ sí i, ká pàṣẹ kí gbogbo ohun tí ọ̀tá kọ síbẹ̀ parẹ́. Ẹ̀yin náà ò já mi kulẹ̀ o, ẹ pariwo "Parẹ́! Parẹ́! Parẹ́!" Ọ̀tá tí à ń sọ yìí, ó wà ní Katsina níbi tó ti ń fọmọ fọ́kọ. Èmi alára ń gbààwẹ̀, mo rù títí ṣòkòtò mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá bẹ́líìtì.

Ní bíi ọjọ́ kẹwàá, ìṣó tán lọ́wọ́ mi, mo gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Alhájì kọjá. Mo fa fìlà bojú kí Sani má bàa rí mi. Nígbà tí mo yọjú wo inú ọgbà, mo rí pákó tuntun, wọ́n tò ó jọ gègèrè sí abẹ́ ìbòòji, pákó tó tọ́ tí kò ní kókó. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà: NA BAYARABE. Ti Yorùbá. Mo dúró. Inú mi bà jẹ́, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ nínú ilé Ọlọ́run, mo jowú. Mo ní Yorùbá wo nìyí? Ta ni Yorùbá tí Alhájì yìí mọ̀ tó jù mí lọ? Mo fẹjọ́ ọkùnrin náà sun Ọlọ́run láti ibẹ̀ títí dé Makera. Mo ní, "Olúwa, Yorùbá yẹn ò sàn jù mí lọ. Bóyá kì í tiẹ̀ ṣe onígbàgbọ́."

Mọ́mì onílé-ìwé wá tẹ̀ mí láago. Wọ́n ní bí àwọn ò bá rí pákó nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn máa gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ohun tó kù tí mo lè tà ni mọṣíìnì mi.

Ará, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa mọṣíìnì yìí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Kàbà ló fi í sílẹ̀ fún mi. Wọ́n ti wà lórí ibùsùn àìsàn nígbà náà. Wọ́n ní, "Káyọ̀dé, àwọn ọmọ mi ò fẹ́ iṣẹ́ yìí. Ìwọ ni kó o máa tàn án fún mi." Bí mo bá tàn án láàárọ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé ọ̀gá mi dúró lẹ́yìn mi, tí wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Òun ni mo fẹ́ tà kí n lè ra pákó. Ẹ bi mí pé, bí mo bá ra pákó tán, kí ni màá fi fá a? Ṣé eyín mi ni? Ẹni tí nǹkan bá sú kì í ro ìyẹn.

Ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Kudenda, Malam Habu, ló fẹ́ rà á. Ó dé ní àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlógún tí mo gba ìwé yẹn, òun àti ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́rin. Ìbùkún gbé kókó wá fún mi láti ilé ní àkókò yẹn gan-an. Àwọn ọkùnrin náà tú nọ́ọ̀tù tó di mọṣíìnì mú mọ́lẹ̀, wọ́n ní ọ̀kan, méjì, wọ́n gbé e sókè. Nígbà tí mo rí ojú ibi tó ti wà nílẹ̀, bí ó ṣe funfun láàárín ìdọ̀tí, ẹkún bú mọ́ mi lẹ́nu. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo fa ìwé náà yọ nínú àpò. Mo ní, "Ìwọ lo fà á. Ìwé burúkú!" Mo ya àpò ìwé náà, mo mú ìwé ọ̀hún, mo fẹ́ fà á ya sí méjì.

Ìbùkún ju ife kókó sílẹ̀. "Baba, kada ka yaga!" Kí n má fà á ya.

Mo ní, "Yorùbá, Ìbùkún!"

Ọmọ yìí fi ọwọ́ sí ìbàdí. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá fi Yorùbá rẹ̀ tó ń tiro sọ pé, "Bàbá, ibí yìí kì í ṣe ilé. Ẹ ní nínú ilé."

Mo ronú sí i. Òótọ́ ni. Èmi ni mo ṣe òfin náà, nínú ilé ni mo sọ. Kíá, Háúsá tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tó ti pẹ́ tí wọ́n ti pa. Gbogbo ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ ni "an ba ka fa!" àti "Baba". Àwọn ọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró pẹ̀lú mọṣíìnì lọ́wọ́. Malam Habu gba ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó dì mọ́ ikùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Bayarabe, who tell you say this one na refuse? Dem say make dem give you! A ba shi, make dem give am. Bashi, for credit. Make dem give am for credit!"

Mo ní, "Give who?"

Ó ní, "Give you! Since nineteen days you dey waka with plank for pocket."

Ará, orúkọ ọmọ mi ni Ìbùkún. Mò ń gbààwẹ̀ kí ìbùkún lè dé ilé mi, ìbùkún sì wà nílé, ó ń sọ̀rọ̀, èmi ni mo ní kó panu mọ́. Mo tún gba ẹran rẹ̀. Mo di ọmọ náà mú, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, kókó sì wà ní gbogbo ẹsẹ̀ wa.

Ẹ bá mi dúpẹ́ lórí Malam Habu náà. Ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni mo ta mọṣíìnì yẹn fún un. Ká ní ó dákẹ́, ó ti gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ síbi tí wọ́n ti gbé e, kí wọ́n sì de nọ́ọ̀tù rẹ̀ padà. Ó ní kí n wọ ọkọ̀, òun á gbé mi lọ sí ọjà Alhájì. Ọkọ̀ tó wá gbé mọṣíìnì mi lọ, òun náà ló lọ gbé pákó mi wá. Ẹ ò yin Olúwa níbẹ̀ yẹn?

A dé ọ̀dọ̀ Sani. Bó ṣe rí mi ló fọwọ́ lu orí. "Kai, Bayarabe! Ina ka shiga?" Ó ní ibo ni mo wọlẹ̀ sí látọjọ́ yìí? Mo na ìwé náà sí i. Ó gbà á, ó gbé e sójú oòrùn, nítorí òróró Pásítọ̀ ti mu ún títí ó fi ń dán. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "You use am wrap kosai?" Àkàrà nìyẹn o. Mo ní rárá o, àdúrà ni. Ó ní, "Ikon Allah," agbára Ọlọ́run nìyẹn. Ó ní kò tiẹ̀ sí ohun tí ìwé fẹ́ ṣe mọ́, pé láti inú mọ́tò ni Alhájì ti pe òun lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, pé Yorùbá kan ń bọ̀ wá kó pákó. Wọ́n ti Katsina pè lẹ́ẹ̀mẹta láti béèrè bóyá mo ti dé, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní nọ́ńbà mi. Ó ní oníbàárà méjì fẹ́ ra pákó náà lówó ọwọ́, àwọn lé wọn. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí abẹ́ ìbòòji.

Pákó tó tọ́ tí kò ní kókó. Ṣọ́ọ̀kì ara rẹ̀ ti ń parẹ́, ṣùgbọ́n mo ṣì lè kà á. NA BAYARABE.

Yorùbá tí mo fẹjọ́ rẹ̀ sun Ọlọ́run, èmi ni. Èmi ni mo jowú ara mi láti ọjà títí dé Makera! Mo jókòó sórí pákó mi. Mo bi Sani pé kí ló dé tí Alhájì fi fọkàn tán mi, wọn ò béèrè ilẹ̀, wọn ò béèrè onígbọ̀wọ́. Sani ní, "You be the only carpenter wey carry plank come back." Mo ti gbàgbé. Lọ́dún kan, wọ́n ṣì í kà, wọ́n fi pákó kan lé tèmi, mo sì gbé e lórí padà. Pákó kan ṣoṣo, ará! Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá, Alhájì ò gbàgbé.

Nígbà tí Mọ́mì dé ní Mọ́ńdè, mọṣíìnì ọ̀gá mi ni wọ́n ń gbọ́ láti òpópónà. A parí iṣẹ́ kí ilé-ìwé tó wọlé. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, wọ́n mi ara wọn, wọ́n san gbogbo owó. Mo san ti Alhájì kí ọjọ́ tó pé, wọ́n sì ní kí n wá kó òmíràn nígbà tó bá wù mí. Mo sọ fún wọn pé gbogbo ìjọ wa ti gbàdúrà pé kí ìwé wọn parẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n bá wọn kí yín, kí ẹ má ṣe gbàdúrà fún wọn mọ́.

Mo ti fagi lé òfin ilé mi. Mo san ẹran tí mo gbà lọ́wọ́ Ìbùkún padà pẹ̀lú èlé: odindi adìẹ kan. Ní báyìí, òun ló ń kọ́ mi ní Háúsá nírọ̀lẹ́, èmi náà sì ń kọ́ ọ ní "yín" àti "ẹ". Ó ti ṣe òfin tirẹ̀ o. Bí mo bá ṣì í, ó máa ń mú ẹran mi. Láti ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀fọ́ nìkan ni mò ń jẹ.

Ẹ̀yin ará mi, mi ò mọ ìwé tó wà lápò yín. Mi ò mọ ohun tí ẹ ti kà síbẹ̀ tí ẹ sì ń sunkún lé lórí. Mo kàn ń bẹ̀ yín ni, ẹ fún ọmọ yín kó bá yín kà á kí ẹ tó gbààwẹ̀. Ọlọ́run tó fi èdè tí mo kórìíra dá mi lóhùn, ògo ni fún un. Ìbùkún, dìde dúró, gbé ìwé orin yẹn kúrò lójú, sọ ọ́ fún wọn kí gbogbo ìjọ lè gbọ́.

Ẹ gbọ́ ọ? An ba mu! Wọ́n ti fún wa! Ẹ bá mi pariwo rẹ̀ bí ẹ ṣe pariwo "Parẹ́" lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ sì bá mi yọ̀: An ba mu! Ẹni tí kò bá gbọ́ Háúsá, kó bi ọmọ tó jókòó tì í.